Àwo Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́fà Tí Mo Mọ ní Kàbà

Àwo mẹ́fà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga lórí ẹsẹ̀ kan, ni mo fi amọ̀ mọ. Nígbà tí wọ́n kó wọn jáde nínú iná, mẹ́rin ti là yíká níbi tí ẹsẹ̀ ti so mọ́ àwo. Ọmọbìnrin tó ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà kò tilẹ̀ dìde. Ó wò wọ́n láti orí àga, ó ní, "Mọ̀mí, iná ló ṣe é." Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi kọ èyí. Iná kọ́ ló ṣe é, òun náà sì mọ̀.

Ilé ìmọ̀kòkò kan ní Kàbà ni. Ọjọ́ mẹ́ta, ₦40,000, amọ̀ àti sísun wà nínú owó náà. Ìyá mi ń lọ pé ọdún 80, mo sì fẹ́ kó jẹ́ àwo tí ọwọ́ mi mọ ni a ó fi gbé obì àti àkàrà síwájú àlejò, àwo tó ga lórí ẹsẹ̀ bí èyí tí wọ́n ń gbé kéèkì lé. Ìyá tó bí wọn mọ ìkòkò ní Ìjùmú. Wọn kò ní kẹ̀kẹ́ ìmọ̀kòkò tó ń yí amọ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń fẹ̀yìn rìn yí ìkòkò ká. Mo ṣì rántí ipa ẹsẹ̀ wọn lórí ilẹ̀.

Ọjọ́ kìíní dùn mọ́ mi gan-an. Olùkọ́ náà kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ. "Òkun o, Mọ̀mí," ló fi kí mi. Ó lẹ owó ogún náírà mọ́ ògiri, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ síta, níbi tí Ladi Kwali ti ń mọ ìkòkò. Wákàtí méjì gbáko la fi kọ́ bí amọ̀ ṣe ń dúró láàárín kẹ̀kẹ́: kí n ti ìgúnpá mọ́ itan, kí n má ṣe bá amọ̀ jà. Lẹ́yìn náà la mọ àwo pẹrẹsẹ, ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà ní fífẹ̀, torí pé amọ̀ máa ń sún kì bó bá gbẹ tí a sì sun ún. Ẹsẹ̀ la mọ lọ́tọ̀, bí gángan tí a gé sí méjì: ó tínrín lókè, ó fẹ̀ nísàlẹ̀ kó má baà ṣubú.

Ó wá sọ ohun kan fún mi. Ó ní àwo àti ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ dé ibì kan náà kí a tó so wọ́n pọ̀, ibi tí èékánná ṣì lè fi àpá sí wọn ṣùgbọ́n tí wọn kò tẹ̀ mọ́. Bí ẹsẹ̀ bá ti gbẹ, ó ti sún kì tán; àwo tó ṣì tutù á wá máa sún kì nìṣó, ojú ibi tí wọ́n ti pàdé ni yóò là. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀rá bo gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé lẹ́yìn ọjọ́ méjì, kò sí ọ̀rá lórí àwọn ẹsẹ̀ mọ́. Ọmọbìnrin yìí ti ṣí i, ó fi bo ìkòkò òdòdó oníbàárà mìíràn. Àwọn ẹsẹ̀ ti funfun. Olùkọ́ ti lọ sí Lọ́kọ́ja. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ pé wọ́n ti gbẹ jù. Ọmọbìnrin náà ní, "Ẹ fi omi sí i, á lẹ̀." Mo fi abẹ họ ọ́, mo fi amọ̀ tó ṣàn sí i, mo lẹ̀ ẹ́.

Ohun tó lẹ̀ náà ló là yìí. Mo béèrè owó mi, ọmọbìnrin náà ní àwọn kì í dá owó padà. Ohùn mi ti ń lọ sókè nígbà tí olùkọ́ wọlé. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó mú ọ̀kan, ó fọ́ ọ mọ́ ilẹ̀ kọnkéré, ó sì fi ojú ẹsẹ̀ náà hàn mí: ó ń dán, amọ̀ àwo kankan kò bá a wá. Ó ní, "Iná kọ́, Mọ̀mí. Àwa ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ọkàn mi rọ̀ wọ̀ọ̀.

Ọ̀sán yẹn náà la bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, kò gba kọ́bọ̀. Ó kó àwo mẹ́rin tí òun fúnra rẹ̀ ti mọ kalẹ̀ wá. Ó dojú ọ̀kan dé sórí kẹ̀kẹ́, ó họ òrùka sí ìdí rẹ̀, ó lẹ amọ̀ tútù mọ́ ọn, ó ní kí n mọ ẹsẹ̀ níbẹ̀ gan-an. A kò tíì ṣe ẹyọ kan tán tí NEPA mú iná lọ. Ó wọ́ kẹ̀kẹ́ àfẹsẹ̀tì jáde, ó ń fi ẹsẹ̀ tì í fún mi, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, ẹsẹ̀ àwo ń hù sókè lábẹ́ ọwọ́ mi bí olú. Ìgbà tí ilẹ̀ ṣú la parí. Ó fi ọ̀rá wé wọn pinpin kí omi inú wọn lè dọ́gba, ó kó wọn sínú yàrá, ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í.

Kò sí ọ̀kan tó là nínú mẹ́rin náà. Ìyá mi dojú ọ̀kan délẹ̀, wọ́n fi àtàńpàkò wá ibi tí a ti so ó pọ̀, wọn kò rí i.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún ilé ìmọ̀kòkò náà. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹni tó ṣí ọ̀rá kò tíì sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́. Mo ti sanwó ìkẹ́kọ̀ọ́ oṣù tó ń bọ̀. Mo ti ra ọ̀rá tèmi.