Aubrieta, Portulaca àbí Arachis: Èwo ni kí ẹ rà fún àárín òkúta ọgbà yín l'Ábújá?

Òkúta kò wọ́n l'Ábújá. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́ lẹ́yìn íntálọ́ọ̀kì sábà máa ń wá òdòdó kúkúrú tí yóò tẹ́ bo àárín àwọn òkúta náà. Mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wéra: Aubrieta tí wọ́n ń ta irúgbìn rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Portulaca tó wà lọ́wọ́ àwọn olódòdó ẹ̀bá títì, àti Arachis pintoi, ìbátan ẹ̀pà. Owó tèmi, Portulaca ni mo máa fi rà.

Kò sí ẹni tó lè jiyàn ẹwà Aubrieta. Orí òkè olókùúta ní gúúsù ìlà-oòrùn Yúróòpù títí dé Tọ́kì ló ti wá. Orúkọ Claude Aubriet, ará Faransé tó ń ya àwòrán ewéko, ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Kì í sábà ga ju 15 cm lọ, ṣùgbọ́n ìdí kan lè fẹ̀ tó 60 cm. Láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, òdòdó elésè àlùkò á bò ó débi pé ẹ ò ní rí ewé mọ́.

Òtútù ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Abẹ́ yìnyín ni Aubrieta ti ń múra òdòdó sílẹ̀, kó tó wá tanná nígbà tí ilẹ̀ bá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Oṣù kẹta tó yẹ kó tanná ni oòrùn Àbújá mú jù, tó máa ń kọjá 35 °C. Ọyẹ́ wa a máa mú láàárọ̀ lóòótọ́, àmọ́ tó bá fi máa di ọ̀sán, ooru ti dé. Èyí tó bá sì la ẹ̀ẹ̀rùn já, òjò oṣù kẹjọ lè mú gbòǹgbò rẹ̀ jẹrà. Irúgbìn rẹ̀ lè hù o, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn wà: ẹ ó rí ewé, inú yín á dùn, ẹ ó wá máa dúró de òdòdó tí kò ní yọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni irúgbìn òkè òkun ń fẹ́ ìwé àṣẹ látọ̀dọ̀ NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò, kó tó wọlé. Èyí tí wọ́n bá ya àwòrán rẹ̀ ní àwọ̀ òṣùmàrè, ẹ má wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ará Jos nìkan ni mo lè sọ fún pé kó dán an wò. Ìlú yẹn ga tó nǹkan bí 1,200 mítà, òtútù wọn sì ju tiwa lọ. Ìkòkò amọ̀, iyẹ̀pẹ̀ oníyanrìn tó ní ẹfun díẹ̀, kí òjò má sì máa lù ú.

Portulaca ní tirẹ̀, ìbátan pápásan ni, láti Brazil, Uruguay àti Argentina. Omi wà nínú ewé rẹ̀, ìdí nìyẹn tí oòrùn kì í fi í rí i gbé ṣe. Pupa, yẹ́lò, funfun, ọsàn, gbogbo rẹ̀ ló wà. Àléébù kan: oòrùn ló ń ṣí i, ó sì ń padé tó bá di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé Ẹtì, ìparí ọ̀sẹ̀ nìkan ni yóò máa rí òdòdó ọgbà ara rẹ̀. Kò sì fẹ́ ilẹ̀ tí omi ń dúró sí. Ẹ po yanrìn mọ́ iyẹ̀pẹ̀ náà dáadáa.

Arachis kò fi bẹ́ẹ̀ jọ èyí tí ẹ ń wá: òdòdó yẹ́lò tín-ín-tìn-ìn-tín, ewé ló pọ̀ jù. Àmọ́ abẹ́ igi máńgòrò tí òjìji díẹ̀ wà, tí Portulaca kò ti lè tanná, ibẹ̀ ni tirẹ̀, ó sì ń mú ilẹ̀ lọ́ràá. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, omi ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Bó bá jẹ́ omi táńkà lẹ ń rà, ẹ ṣírò ìyẹn mọ́ owó rẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ ra Portulaca, ẹ dúró di òpin òjò, bí oṣù kẹwàá. Ẹ tẹ ìdí igi rẹ̀: tó bá rọ̀ bẹ̀jẹ̀bẹ̀jẹ̀, ó ti ń jẹrà. Ẹ yí ewé wò, bóyá kòkòrò funfun tó dà bí òwú wà níbẹ̀. Bí ọlọ́jà bá ní ogún ọ̀rá ni yóò kún ilẹ̀ yín, ẹ ra ọ̀kan ní àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ ní ìwọ̀n ìka ọwọ́, kí ẹ kì í bọ yanrìn tútù. Yóò ta gbòǹgbò fúnra rẹ̀.