Kílọ́ọ̀bù Ọdún Gbáko àbí ti Ìgbà Ooru Nìkan?

Bí ẹ bá fẹ́ wọ kílọ́ọ̀bù tó ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ àti pápá gọ́ọ̀fù, ẹ lè sanwó ọdún gbáko tàbí ti ìgbà ooru nìkan. Bí ẹ bá ní ọmọ kéékèèké, ti ìgbà ooru nìkan ló máa kọ́kọ́ wọ̀ yín lójú. Iléèwé ti gba ìsinmi, àwọn ọmọ á wà nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ títí ìka wọn á fi hun jọ. Owó rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ dé kì í rí àga jókòó.

Ẹni tó sanwó ọdún gbáko ń rí ohun mìíràn. Nígbà tí igi bá ń wọ́wé, wọ́n á lu ihò wẹ́wẹ́ sí koríko pápá gọ́ọ̀fù kí afẹ́fẹ́ lè dé gbòǹgbò rẹ̀, bọ́ọ̀lù á sì máa yí gbágungbàgun fún ọjọ́ mélòó kan (ẹ má bínú sí ẹnikẹ́ni). Bí òtútù bá mú tí ìrì dì, wọn kì í jẹ́ kéèyàn tẹ koríko náà, torí ẹsẹ̀ á fọ́ ewé rẹ̀. Ẹ ó dúró, ẹ ó mu tíì. Irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń gbé oúnjẹ máa ń mọ orúkọ ọmọ yín.

Ti ọdún gbáko lèmi á mú, àfi bí ẹ kì í bá jáde nígbà òtútù.