Ìkìlọ̀ fún Oníléeṣẹ́: Ẹ Ṣọ́ra fún Àwọn Ayàfídíò Tí Ń Fi Fídíò Oníbàárà Ṣe Ìwọ̀fà

Ẹ̀yin oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń wá ẹni tí yóò ya fídíò ìpolówó fún iléeṣẹ́ yín, mo kọ ìkìlọ̀ yìí nítorí pé iléeṣẹ́ kan wà ní Èkó tí ó ń lu àwọn oníléeṣẹ́ kéékèèké ní jìbìtì, ní ọ̀nà tí ó jọ iṣẹ́ gidi títí di ọjọ́ tí oníbàárà bá béèrè fún fídíò rẹ̀. N kò ní dárúkọ wọn níhìn-ín, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́wọ́ agbẹjọ́rò, àti pé orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ lónìí lè má jẹ́ èyí tí wọn yóò jẹ́ lọ́la. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa.

Iléeṣẹ́ wa ní Ìbàdàn ń ṣe èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti gàrí alápò. A fẹ́ fídíò ìpolówó oníṣẹ́jú kan fún Instagram àti YouTube, àti èyí tí ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí yóò fi iṣẹ́ wa hàn láti ìgbà tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ti oko dé títí di ìgbà tí a bá lẹ ẹnu àpò pa, kí a lè fi han àwọn tí ń ra ọjà lọ sí òkè òkun. Àkójọ iṣẹ́ tí wọ́n fi hàn wá dára púpọ̀. Wọ́n ní ìwé àdéhùn, wọ́n ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ní Corporate Affairs Commission, wọ́n sì ní kí a san ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ayàfídíò ṣe máa ń béèrè. Ní ọjọ́ iṣẹ́, wọ́n kó kámẹ́rà ńlá, iná àti dírónù wá, wọ́n bá àwọn òṣìṣẹ́ wa sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n sì ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kò sí ohun kan lọ́jọ́ náà tí ìbá mú ẹnikẹ́ni fura.

Ìgbà tí wọ́n kó ẹrù wọn padà sí Èkó ni ọ̀rọ̀ yí padà. Nígbà tí ọjọ́ tí a fi àdéhùn sí pé, wọ́n fi díẹ̀ nínú fídíò náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pẹ̀lú orúkọ wọn tí wọ́n kọ gàdàgbà sí àárín àwòrán, kí ọkàn wa lè balẹ̀ pé iṣẹ́ ń lọ. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n béèrè owó orin. Lẹ́yìn owó orin, wọ́n béèrè owó tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ARCON, ìgbìmọ̀ ìjọba tí ń ṣàkóso ìpolówó ní Nàìjíríà. Nígbà tí a ní kí wọ́n fi rìsíìtì hàn wá, wọ́n ní hard drive tí fídíò wà nínú rẹ̀ ti bàjẹ́, pé ó ti wà lọ́dọ̀ àwọn tí ń yọ iṣẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́, àti pé àwa ni a óò san owó rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ohun kan: owó àkọ́kọ́ wọ àkáǹtì tí ó ń jẹ́ orúkọ iléeṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí a san gbogbo owó tí wọ́n béèrè lẹ́yìn náà sí.

Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá jẹ gbèsè ni ó máa ń fi ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó títí yóò fi san gbèsè tán. Àwọn wọ̀nyí sọ fídíò wa di ìwọ̀fà nígbà tí a kò jẹ wọ́n ní gbèsè kankan. Wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n mọ̀ pé a ti dá iṣẹ́ dúró fún odidi ọjọ́ kan, pé a ti rán aṣọ tuntun fún àwọn òṣìṣẹ́, pé a ti ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó dára lójú kámẹ́rà ní owó gọbọi, àti pé bí a bá ní kí a tún un yà, iye tí yóò ná wa yóò ju iye tí wọ́n ń béèrè lọ. Wọ́n á wá mú iye kan tí inú yóò bí ènìyàn sí, ṣùgbọ́n tí yóò san án kí ó lè gba tirẹ̀. Mo ti bá obìnrin kan tí ó ní ilé ìwé ní Abẹ́òkúta sọ̀rọ̀, àti oníṣòwò aṣọ kan ní Èkó. Ọ̀rọ̀ hard drive tí ó bàjẹ́ yìí kan náà ni wọ́n sọ fún àwọn méjèèjì, gbólóhùn fún gbólóhùn.

Gbogbo ìkìlọ̀ mi dúró lórí ohun kan ṣoṣo, èyí tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ dì mú: ẹ má ṣe jẹ́ kí fídíò tí wọ́n yà ní iléeṣẹ́ yín jáde kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ̀dà rẹ̀ kan wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ra hard drive tiyín, èyí tí ó gba tẹ́ràbáìtì kan, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé nígbà tí iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan bá parí, a ó da gbogbo ohun tí ó wà nínú káàdì kámẹ́rà, ti ohùn àti ti dírónù sínú rẹ̀ lójú yín kí wọ́n tó di ẹrù wọn. Kò sábà gbà ju wákàtí kan lọ. Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá gbogbo rẹ̀ ni wọ́n dà sí i, ẹ lè fi ìwọ̀n rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Kámẹ́rà 4K, ìyẹn èyí tí àwòrán rẹ̀ máa ń mọ́ kedere gan-an, tí ó ń gba mẹ́gábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí ó wọ́pọ̀, máa ń lo nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 750 fún ìṣẹ́jú kan (bíìtì mẹ́jọ ni báìtì kan), tí ó jẹ́ gígábáìtì 45 fún wákàtí kan. Bí wọ́n bá ti ya fídíò wákàtí méjì lápapọ̀ tí ẹ sì rí gígábáìtì mẹ́fà péré, yálà wọn kò kó gbogbo rẹ̀ fún yín, tàbí kámẹ́rà náà kò ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n 4K tí ẹ sanwó fún.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ayàfídíò olóòótọ́ kì í fẹ́ fi fídíò tí wọn kò tíì tò sílẹ̀ fún oníbàárà, mo sì lóye ìdí rẹ̀. Àwòrán tí a kò tíì ṣe àtúnṣe sí máa ń ṣókùnkùn, àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣá, kò sì wu oníṣẹ́ ọwọ́ kí ayé rí iṣẹ́ rẹ̀ láìtíì parí. Ẹ̀rù tún máa ń bà wọ́n pé oníbàárà yóò gbé e fún ẹlòmíràn kí ó má baà san ìyókù owó. Ìdáhùn rẹ̀ kò le: ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ìpamọ́ ni ẹ̀dà ọwọ́ yín, pé ẹ kò ní lò ó títí ẹ óò fi san owó tán, àyàfi bí ayàfídíò bá kùnà láti mú iṣẹ́ wá ní ọjọ́ tí a dá. Bí ó bá ní òun yóò gba owó díẹ̀ lé e fún èyí, ẹ san án bí agbára yín bá ká a. Ẹni tí ó bá kọ̀ jálẹ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ fi í sílẹ̀, bí ó ti wù kí àwòrán rẹ̀ dára tó.

Ọ̀rọ̀ àkójọ iṣẹ́ tí wọ́n fi ń fa ojú oníbàárà mọ́ra tún nílò àyẹ̀wò. Nígbà tí ìjà dé, a mú àwòrán mélòó kan láti inú fídíò tí wọ́n fi hàn wá, a fi Google Lens wá wọn, a sì rí i pé ilé ìwòsàn tí wọ́n ní àwọn yà jẹ́ fídíò tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Pexels. Ẹ má fi showreel, ìyẹn àkópọ̀ àgékù iṣẹ́ tí wọ́n fi ń polówó ara wọn, nìkan ṣe ìdíwọ̀n, nítorí pé àgékù ìṣẹ́jú-àáyá méjì-méjì tí a so pọ̀ mọ́ orin kò lè sọ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà fún yín. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní odidi ìpolówó mẹ́ta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì wá nọ́ńbà iléeṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn ṣe é fún fúnra yín. Ẹ má gba nọ́ńbà náà lọ́wọ́ wọn. Ìbéèrè tí ẹ óò bi oníbàárà àtijọ́ náà kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé wọ́n béèrè owó mìíràn lẹ́yìn èyí tí ó wà nínú àdéhùn kí wọ́n tó fún yín ní fídíò yín?

Ní ti owó àsansílẹ̀, n kò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má san án. Ọ̀pọ̀ ayàfídíò ni kò ní kámẹ́rà tiwọn, wọ́n ń yá a lójúmọ́ ni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ bọ́ àwọn tí ó bá wọn wá, kí wọ́n sì san owó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ìdá 70 ti pọ̀ jù, nítorí pé ẹni tí ó bá ti gba ìyẹn ti rí èrè rẹ̀ nínú rẹ̀, ìyókù kò sì ní mú un sáré. Ní tèmi, ìdá 40 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, 30 nígbà tí wọ́n bá da fídíò sínú hard drive yín, àti 30 nígbà tí ẹ bá gba iṣẹ́ tí ó parí, tí ẹ sì fọwọ́ sí i. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pẹ̀lú pé orin, àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì àti ohun gbogbo tí ó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn wà nínú iye tí a dá, àti pé wọn yóò dá iye báyìí padà bí ọjọ́ bá kọjá láìrí iṣẹ́.

Ẹ má sì gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ lórí fídíò náà. Òfin Copyright Act ti 2022, èyí tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, kò sọ pé ẹni tí ó san owó ni ó ni iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó ṣe é ni òfin kọ́kọ́ mọ̀, àyàfi bí ìwé àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn, gbígbé ẹ̀tọ́ náà fún yín sì gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀. Èyí ni àwọn tí ó lù wá ní jìbìtì fi ń halẹ̀ mọ́ wa pé bí a bá lo èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àwọn yóò ní kí YouTube yọ ọ́ kúrò. Gbólóhùn kan péré nínú àdéhùn ni yóò pa ẹnu wọn mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ARCON kì í ṣe irọ́ pátápátá, ìdí sì nìyẹn tí ó fi rọrùn láti fi tan ènìyàn. Láti 2022 ni ìgbìmọ̀ yìí ti rọ́pò APCON, ìgbìmọ̀ ìpolówó ti tẹ́lẹ̀, ìpolówó tí a bá sì ṣe fún àwọn ará Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ Advertising Standards Panel, ẹ̀ka rẹ̀ tí ń yẹ ìpolówó wò, kí ó tó jáde. Bí ayàfídíò bá ní òun yóò bá yín gbà á, kí rìsíìtì àti ìwé àṣẹ jáde ní orúkọ ọjà yín. Dírónù pẹ̀lú nílò ìwé láti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò àti láti NCAA, àjọ tí ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín kí wọ́n tó gbé e sókè lórí ilé yín.

Fún ẹ̀yin tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ má san owó kejì. Ẹ kó invoice, ẹ̀rí owó tí ẹ san àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá wọn sọ lórí WhatsApp jọ kí wọ́n tó pa á rẹ́. Bí ẹ bá gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àdéhùn tí a kò mú ṣẹ nìkan, wọ́n lè dá yín padà, nítorí pé Police Act ti 2020 kò gbà wọ́n láyè láti mú ènìyàn nítorí pé ó yẹ àdéhùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi iṣẹ́ oníṣẹ́ tàn yín kí ẹ tó sanwó, gbígba owó pẹ̀lú irọ́ nìyẹn, ọ̀ràn sì ni lábẹ́ òfin ọdún 2006 tí àjọ EFCC ń lò. Ní ti gbígba owó padà, bí ayàfídíò náà bá wà ní Èkó, Small Claims Court tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2018 ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, ìlànà rẹ̀ sì ni pé kí ẹjọ́ parí láàárín 60 ọjọ́. Owó tí iye rẹ̀ dájú ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀; ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí iye tí wọn yóò dá padà wà nínú àdéhùn yín. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìwé ìbéèrè owó ránṣẹ́ sí wọn kí ẹ tó pe ẹjọ́.

Tiwa ti dé ibẹ̀. Ìwé ìbéèrè owó ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, obìnrin tí ó ní ilé ìwé náà sì ti ṣetán láti pe tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìwọ̀nyí kan náà ni wọ́n gba owó lọ́wọ́ yín, tí ẹ sì mọ̀ wọ́n nípa ohun tí mo ṣàlàyé yìí, ẹ kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ sì fi nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n ní kí ẹ san owó kejì sí ránṣẹ́, nítorí pé agbẹjọ́rò fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan náà ni ó ni gbogbo wọn.