Ṣọ́ọ̀bù tó tún ẹ́ńjìnnì RX-8 àbúrò mi dì l'Óṣogbo, àti ìdí tí wọn ò fi jẹ́ kí tọ́nà fọwọ́ kàn án

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Mo ń kọ èyí torí ẹnikẹ́ni tó bá ń wa mọ́tò Mazda RX-8 nílùú yìí, ọjọ́ kan á jọ́kan tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ á tú kalẹ̀ sórí tábìlì, tí ọ̀rẹ́ kan á sì sọ fún un pé níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ ti tú u, ẹ kúkú jẹ́ kí wọ́n fẹ ihò afẹ́fẹ́ ẹ̀ kó lè sáré sí i. Ó dáa, ta ni kó fẹ̀ ẹ́? Ọ̀rọ̀ tó wà ńbẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tí kò bá mọ mọ́tò yìí, kò ní pístìnì o. Rótọ̀ méjì onígun mẹ́ta ló ń yí nínú ẹ̀, 654cc lọ́kọ̀ọ̀kan, 1308cc lápapọ̀. Kò sí fáàfù, kò sí káàmù. Ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé àti èyí tí èéfín ń gbà jáde, tí àwọn ọmọ mọ́tò ń pè ní pọ́ọ̀tì, ara irin ẹ̀gbẹ́, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó bo rótọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, bí rótọ̀ bá ṣe ń kọjá lójú ẹ̀ náà ló ń ṣí i tó sì ń pa á dé. Torí náà tẹ́ ẹ bá fi gráíńdà kan etí ihò yẹn, kì í ṣe pé ẹ fẹ̀ ẹ́ nìkan, ẹ ti yí àsìkò tó ń ṣí àti àsìkò tó ń padé padà nìyẹn, ẹni tó bá sì ti gé e kò lè dá a padà mọ́.

A kọ́kọ́ lọ bá tọ́nà kan, ìyẹn ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin. Òṣogbo ò kúkú ṣaláìní ẹni tó mọ irin, ìlú tí Nigeria Machine Tools wà lójú ọ̀nà Ìkìrun ni wá, àwọn tọ́nà wa gbóná. Èyí tá a lọ bá yìí, ó máa ń lọ tọ́ọ̀pù sílíńdà, ó máa ń rebóò (kó fẹ ojú sílíńdà), mo ti rí iṣẹ́ ẹ̀ lára Camry, iṣẹ́ tó mọ́ ni. Ó wo irin yẹn, ó ní kò sí wàhálà, ká gbé e sílẹ̀, owó tó pè ò tiẹ̀ wọ́n rárá. Inú àbúrò mi ti ń dùn. Ohun tó ṣe mí ni pé kò bi wá léèrè nǹkan kan, kò béèrè síìlì (irin kékeré ara rótọ̀ tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jò) tó máa kọjá lójú ihò yẹn, kò béèrè bí a ṣe fẹ́ lo mọ́tò, àfi ìgbà tá a máa san owó.

Ìgbà tá a wá dé ṣọ́ọ̀bù tí mo fún níràwọ̀ yìí, ti Bàbá kan lápá Ọ̀ta-Ẹ̀fun, irin ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n gbé kọ́ sára ògiri, ti RX-7 àtijọ́ kan, mọ́tò Mazda tó ṣáájú RX-8, ẹnì kan ti fẹ ihò ẹ̀ títí ó fi já sí ibi tí omi ń gbà. Àbúrò mi ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ká gbé tiwa fún tọ́nà kó bá wa gé e, kẹ́ ẹ wá bá wa dì í?" Bàbá ní, "Ọmọ mi, ẹni tó máa dì í ló gbọ́dọ̀ gé e. Tó bá gé e, témi dì í, tó wá fọ́ lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, èmi àti ẹ̀, ta lo máa wá mú?"

Wọ́n wá jókòó, wọ́n fi rótọ̀ lé orí irin yẹn, wọ́n ń yí i díẹ̀díẹ̀ fún wa. Ẹ wò ó, síìlì róbótó kan wà ní igun kọ̀ọ̀kan rótọ̀. Tẹ́ ẹ bá gé ihò yẹn síta jù, síìlì yẹn ò ní rí ibi tó máa gùn mọ́, á rì sínú ihò, á fọ́, àfọ́kù ẹ̀ á sì fá gbogbo inú ẹ́ńjìnnì. Tẹ́ ẹ bá gé e sínú jù, ẹ ti dé ibi tí ríìngì ọ́ìlì ń gbà nìyẹn, mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í tu èéfín. Tẹ́ ẹ bá gé e tán tẹ́ ẹ ò fi féèlì tẹ́ etí ẹ̀, síìlì ẹ̀gbẹ́ á máa kọ́ ọ ní gbogbo ìgbà tó bá kọjá. Ti RX-8 sì tún le ju ti RX-7 lọ, torí ara irin ẹ̀gbẹ́ náà ni Mazda gbé ihò èéfín wá, síìlì kan náà ló ń kọjá lórí méjèèjì. Èmi ò rò pé tọ́nà wa mọ ìkankan nínú gbogbo èyí, kì í sì í ṣẹ̀bi ẹ̀, pístìnì niṣẹ́ ẹ̀.

Bàbá ò wá gé etí ihò tiwa rárá o! Wọ́n ní irin ṣákaṣàka tó wà lẹ́yìn ihò, tó kù síbẹ̀ láti ilé iṣẹ́, nìkan làwọn máa dán kúrò, pé ibẹ̀ ò kan síìlì. Àbúrò mi ò kọ́kọ́ gbà, ó ń fi fídíò YouTube hàn wọ́n, ohùn brap-brap-brap tí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti fẹ ihò ẹ̀ máa ń ní. Wọ́n ní 787B, mọ́tò eré ìje Mazda tó gba ìdíje Le Mans 1991, tó ń gbọ́ ohùn ẹ̀ yẹn, rótọ̀ mẹ́rin ló ní, kò sì jókòó nínú go-slow Ọláìyá rí. Wọ́n tún ní tí a bá fẹ̀ ẹ́ tán, ta ló máa tún kọ̀ǹpútà ẹ̀ ṣe kí epo àti afẹ́fẹ́ lè bára mu? Àwọn tó ń gbé skana kiri nílùú yìí, kóòdù ni wọ́n ń pa rẹ́. Tí epo bá kéré jù fún afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, á gbóná, á nọ́ọ̀kì (epo á máa bú láìtó àsìkò), apex seal, ìyẹn síìlì ṣóńṣó igun rótọ̀, á sì dá. Tá a bá tún wá ro iye tí epo ti dà látìgbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ ní 2023… àbúrò mi dákẹ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe gan-an: gbogbo síìlì àti sípíríngì ẹ̀ di tuntun, rọ́bà omi, kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n fi ojú ọ̀pá irin wo bóyá irin ẹ̀gbẹ́ ti wọ́, ọ̀kan ti wọ́ lóòótọ́ torí ó ti gbóná rí, a ra tòkunbọ̀ ẹ̀ láti Ládípọ̀. Nígbà tí wọ́n dì í tán wọ́n wọn kọ́ńpúrẹ́ṣọ̀n, ìyẹn agbára tí rótọ̀ fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, níṣojú wa, wọ́n yọ fáàfù kékeré inú géèjì kí abẹ́rẹ́ lè máa ta lẹ́ẹ̀mẹta fún rótọ̀ kan, ẹ̀ẹ̀kan fún ojú kọ̀ọ̀kan, torí géèjì lásán ojú tó lágbára jù nìkan ló máa fi hàn yín. Mazda ní kó má lọ sílẹ̀ ju 6.9 kgf/cm² tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nígbà 250 ní ìṣẹ́jú kan, tiwa lé ní 8 lójú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mọ́tò ń sítáàtì lówùúrọ̀, ó ń sítáàtì nígbà tó bá gbóná, ìgbà tó bá gbóná yẹn gan-an ni RX-8 tó ti rẹ̀ máa ń kọ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fẹ ihò tipátipá ṣá, ẹ gbé gbogbo ẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo tó ti ṣe rótọ̀rì rí, tó ní bátànì tó fi ń sàmì ibi tó máa gé, tó máa gé e, tó máa dì í, tó sì máa tún kọ̀ǹpútà ẹ̀ ṣe. Ẹ má pín in.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ: wọn kì í pe èèyàn. Síìlì pẹ́ kó tó dé, tẹ́ ẹ ò bá pè wọ́n ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan, ẹ ò sì ní rí rìsíìtì gbà àyàfi tẹ́ ẹ bá bèèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ wọn obìnrin tó ń kọ ìwé. Owó ọwọ́ wọn ju ti tọ́nà lọ dáadáa, wọn kì í sì í jẹ́ kéèyàn dín in kù. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá ti lọ kírun, wọn kì í padà sí ṣọ́ọ̀bù mọ́ títí di ọjọ́ kejì.