Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tí àbúrò mi ti ń kọ́ṣẹ́ n'Ìkòròdú

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ibi tọ́mọ yín á ti kọ́ṣẹ́ télọ̀ n'Ìkòròdú, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ọjà Sábọ̀ fún yín. Ibẹ̀ làbúrò mi obìnrin wà báyìí, ọkàn mi sì balẹ̀.

Níbi tó kọ́kọ́ lọ, omi ló ń pọn, ọmọ ọ̀gá ló ń gbé jó. Ọdún yípo, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ máṣíìnì. Inú bí mi gan-an, torí owó ìkọ́ṣẹ́ la san.

Ti màdáámù yìí yàtọ̀. Kò tíì pẹ́ rárá tí wọ́n fi gbé bébà sìmẹ́ńtì fún un pé kó gé búláòsì. Orí bébà yẹn ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi téèpù wọn èjìká àti àyà, tí wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, kó tó di pé ó fi àlùmọ́gàjí kan àǹkárá oníbàárà. Màdáámù á dúró lẹ́yìn rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Bí ihò apá bá fẹ́ fẹ̀ jù, á kàn fìka tọ́ ọ. Èyí tí kò bá gún, á ní kó tú u, kó tún un rán.

Wọ́n lẹ "Apprentice Wanted" mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni Gẹ̀ẹ́sì ti gba ọ̀rọ̀ yẹn, láti ara apprendre, kíkọ́ nǹkan. Èdè Látìn ló wà nídìí rẹ̀, apprehendere, kéèyàn gbá nǹkan mú. Ọmọ tí wọn ò jẹ́ kó gbá àlùmọ́gàjí mú, kí ló fẹ́ kọ́?

Ọdún mẹ́ta ló wà nínú ìwé àdéhùn, onídùúró sì fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ní ó pọ̀, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1563 ní ìkọ́ṣẹ́ ò gbọdọ̀ dín lọ́dún méje, ó sì di 1814 kí wọ́n tó fagi lé e. Fúrídọ́ọ̀mù tí à ń ṣe yìí náà, wọ́n ń gbà á ní Lọ́ńdọ̀n látijọ́: ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ parí lábẹ́ ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ló ń di òmìnira ìlú, tó sì lè dá ṣòwò.

Ibẹ̀ máa ń móoru bí kò bá síná, owó fúrídọ́ọ̀mù ò sì sí nínú owó ìkọ́ṣẹ́, kẹ́ ẹ tètè bi wọ́n. Ẹ mú ọmọ náà dání lọ o, torí òun gan-an ni màdáámù máa bi bóyá ó fẹ́ iṣẹ́ náà.