Third party àbí comprehensive: ìfiwéra ìwé adójútòfò méjì fún ọkọ̀ akẹ́rù kékeré

Mo ti lo ìwé adójútòfò méjèèjì yìí lórí ọkọ̀ akẹ́rù kan náà, èyí tí ó sì kọ́ mi lọ́gbọ́n kì í ṣe èyí tí owó rẹ̀ kéré.

Third party ń san gbèsè tí ó bá já lé wa lórí nígbà tí ẹ̀bi bá jẹ́ tiwa: ìtọ́jú ẹni tí a kọlù, ọkọ̀ rẹ̀, tàbí ògiri rẹ̀ tí a wó. Ọkọ̀ tiwa kò sí níbẹ̀. Comprehensive fi ọkọ̀ tiwa kún un, òmíràn sì wà láàárín méjèèjì tí ó fi iná àti olè kún third party.

Ohun tí ó dá mi lóró ni ìlà kékeré kan tí ó wà nínú gbogbo wọn, tí ó ń sọ iṣẹ́ tí ọkọ̀ ń ṣe. Ó sábà máa ń ní ìpele mẹ́ta: kí a fi ọkọ̀ rin ìrìn ara wa, kí a fi kó ẹrù òwò tiwa, tàbí kí a fi kó ẹrù ẹlẹ́rù gba owó. Ìkẹta ni ó sábà máa ń wọ́n jù. Nígbà tí mo ra comprehensive, ìkejì ni mo mú, nítorí pé irinṣẹ́ mi nìkan ni mo ń kó nígbà náà. Nígbà tí ó yá, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí pé kí n bá àwọn kó ẹrù, wọ́n ń sanwó, ọkàn mi kò sì lọ sórí ìwé mọ́. Ní ọjọ́ òjò kan, mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ tí ẹrù ti wọ̀ lọ́rùn kò tètè dúró, mo sì gbá ẹ̀yìn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó wà níwájú mi. Ẹni tí iléeṣẹ́ adójútòfò rán wá kò pẹ́ nídìí ẹ́ńjìnnì rárá. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ka orúkọ tí ó wà lára àwọn páálí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì bi mí pé, “Ẹrù ta ni èyí?” Mo sọ òtítọ́ fún un. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí mi sọ pé wọn kò ní tún ọkọ̀ mi ṣe. Wọ́n san owó fún ẹni tí mo kọlù, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè òfin kì í jẹ́ kí àṣìṣe oníwèé fi ẹ̀tọ́ du ẹni tí ó fara kááṣá, ṣùgbọ́n wọ́n padà wá gba owó náà lódindi lọ́wọ́ mi.

Ẹrù inú ọkọ̀ pàápàá kì í sábà sí nínú ìwé méjèèjì. Goods in transit ni ìwé tirẹ̀, ẹ sì fara balẹ̀ ka ibi tí ó ti sọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí a gbé síta lóru.

Nínú comprehensive, ẹ béèrè iye tí ẹ̀yin fúnra yín yóò kọ́kọ́ san kí iléeṣẹ́ tó dá sí i. Ẹ má bu iye owó tí ọkọ̀ tó kù nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́ sínú ìwé: nínú àwọn ìwé kan, bí owó ọkọ̀ bá jẹ́ 100, tí ẹ sì kọ 60, bí òfò 20 bá ṣẹlẹ̀, 12 péré ni iléeṣẹ́ lè san fún yín. Bí ìwé bá dárúkọ àwọn tí ó lè wa ọkọ̀ náà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ kò gbọdọ̀ wà á.

Bí ọkọ̀ bá jẹ́ tuntun, tàbí tí owó ẹlòmíràn ṣì wà lórí rẹ̀, comprehensive ni ó tọ́. Bí ó bá ti dàgbà tó tèmi, third party tí ó ní iná àti olè nínú, tí a kọ gbígbé ẹrù ẹlẹ́rù sí, pẹ̀lú goods in transit lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni mo ń lò báyìí, ọkàn mi sì balẹ̀ ju ti ìgbà tí mo ń san owó ńlá lọ. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ ní kí aṣojú wọn ka ìlà iṣẹ́ ọkọ̀ yẹn sí yín létí.