Àárín ìlú Ifẹ̀ àbí ọ̀nà Oǹdó: ibo ni ọmọ ti ń lo ara jù?

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́. Ní àárín ìlú, bí àdúgbò Ìlárè tàbí Ìrèmọ, ọjà àti ilé ìyá àgbà kò jìnnà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn ín, kò ná ni ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà há, ọ̀kadà sì ń sáré. Lọ́nà Oǹdó, ilẹ̀ òfìfo ṣì wà fún bọ́ọ̀lù ìrọ̀lẹ́, títí onílẹ̀ á fi kó búlọ́ọ̀kù dé! Ilé-ìwé ló jìnnà: owó ọ̀kadà ń lọ, ẹsẹ̀ ń sinmi.

Ọmọ tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ọ̀nà Oǹdó á gbè é. Èyí tí kì í gbójú kúrò lára fóònù, àárín ìlú ni. Iṣẹ́ tí wọ́n ń rán an á mú un rìn.